Àwọn Ọta Tó Ń Falẹ̀

Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà máa wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri bí èmi àti Bàbá ṣe wá a kiri fún nǹkan bí oṣù méjì. Gbogbo ìgbà tí a ń wá a yẹn, ilé ìdáná ló wà, ó ń fọ abọ́, ó ń kọrin ẹ̀mí.

Nígbà náà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Thamesmead, láti ilé dé ilé. Ọ́fíìsì tó gbà mí máa ń fún mi ní ìwé pélébé tí wọ́n to iṣẹ́ sí: kí n gbálẹ̀, kí n ra ọjà, kí n se oúnjẹ, kí n fọ abọ́. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Lọ́jọ́ kan wọ́n fún mi ní àdírẹ́sì kan lẹ́bàá Tavy Bridge, mo kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ta nìyẹn?" Inú mi dùn débi pé mo ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó ṣílẹ̀kùn tán. Bàbá wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí n dìde, kí n sì rọra, torí nǹkan òun kan já bọ́ síbẹ̀ láàárọ̀, òun ò tíì rí i. Abẹ́ orúnkún mi ló wà. Òjé ọta ìbọn ni.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá sí ìlú òyìnbó nígbà èwe rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ohun ìjà tó wà ní Woolwich títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Kẹ́míkà ibẹ̀ ti pa imú rẹ̀: ọbẹ̀ lè máa jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa ka ìwé ìròyìn lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé lápá àríwá, ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀ ojú irin. Orúnkún Bàbá kò dáa mọ́, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ.

Mo wọ ilé ìdáná láti lọ gbé omi kaná. Irin kan tó ní apá gígùn ni mo bá níbẹ̀, wọ́n fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ etí tábìlì. Òṣùwọ̀n kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agolo ẹ̀tù ìbọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo tíì. Mo padà jáde sí pálọ̀ kíákíá.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Sport ni. Má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Licence wà lọ́wọ́ mi, police fúnra wọn máa ń wá wo cupboard irin tí mo tì í mọ́. Paper la máa ń yìnbọn sí ní club wa ní Woolwich. Paper lásán."

"Paper wo ló ṣẹ̀ yín, Daddy?"

Ó jókòó, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí, torí ó fẹ́ràn láti máa kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó rọ̀ lọ́wọ́ máa ń ra ọta tuntun, Bàbá a máa tún tàtijọ́ dì. Tí ìbọn bá dún tán, idẹ tó gbé ẹ̀tù á ṣẹ́ kù lófìfo. Bàbá á kó àwọn idẹ náà wálé. Wọ́n á fọ̀ wọ́n, á fi ohun kékeré tó ń ta iná sí wọn ní ìdí, á wọn ẹ̀tù sínú wọn, á wá fi irin alápá gígùn yẹn tẹ òjé dé wọn lórí. Bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni, ewé, ẹ̀wà, kí o dì í. Ẹ̀tù tó ń wọ inú ọ̀kan kò ju ìwọ̀n ìyọ̀ tí ènìyàn ń bù sí ẹyin lọ, ṣùgbọ́n Bàbá máa ń wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà.

Ta ló ń fọ idẹ? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé abọ́ kan síwájú mi, idẹ dúdú kún inú rẹ̀.

"Kò sí lórí list mi o," mo ní.

"Kí ló wà lórí list?"

"Washing up."

"Ṣé o fẹ́ wash ẹ̀ down ni?"

Mo fọ̀ ọ́. Èmi kì í ṣe onísùúrù, ìyá tó bí mi mọ̀, ṣùgbọ́n ilé Bàbá nìkan ni ilé tí mo ti lè jà lédè mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti fínígà fọ àwọn idẹ náà títí wọ́n fi ń dán, mo tẹ́ wọn sórí táwẹ́ẹ̀lì nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì omi gbígbóná wà kí wọ́n lè gbẹ.

Ibi tí mo ti ń tò wọ́n ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́bi. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí, aláṣọ funfun. Ìgò òróró kò kúrò nínú báàgì mi rí. Òróró olóòórùn dídùn ni, wòlíì ìjọ wa ló máa ń gbàdúrà sí i. Kò sí ohun tí a kì í ta á sí: kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun, bírò ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, pásípọ́ọ̀tù kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀. Mo ti ta á sí ẹnu ọ̀nà gbogbo àwọn òyìnbó tí mò ń tọ́jú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn. Báwo ni n óò ṣe wá fi ọwọ́ ara mi fọ ọta ìbọn, kí n sì fi í sílẹ̀ láìgbàdúrà sí i? Bó bá lọ ba ẹnì kan, ọ̀run á bi mí pé ta ló fọ̀ ọ́.

Mo mú igi ìṣáná, mo wé òwú mọ́ ọn lórí, mo tì í bọ inú òróró, mo sì fi kan inú idẹ kọ̀ọ̀kan. Tó-tó-tó. Mo ní, "Ìwọ ọta yìí, o ò ní pa ẹnikẹ́ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wàá máa lọ." Idẹ àádọ́ta ni, àdúrà àádọ́ta. Ojú Bàbá kò ká òróró tín-ń-tín bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ kò sì gbọ́ òórùn. Mo ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọmọ Bàbá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ náà kò fẹ́ kí bàbá òun máa dá gbé mọ́. Ó ti rí ilé àwọn arúgbó kan nítòsí ara rẹ̀, ó sì fẹ́ mú un lọ síbẹ̀. Wọ́n mú Bàbá lọ wo ibẹ̀ rí, kò sì bọ́ lọ́kàn rẹ̀. "Bib ni wọ́n máa ń so mọ́ wọn lọ́rùn bí ọmọ ọwọ́," ló sọ fún mi. "Wọ́n tún fún mi ní balloon kí n máa gbá a. Èmi tí mo test ọta fún ìjọba." Nígbà tí ọmọ náà kò yé yọ ọ́ lẹ́nu, Bàbá bá a dá májẹ̀mú kan. Ọjọ́ tí ọta tí òun fọwọ́ ara òun dì kò bá dọ́gba mọ́, á jẹ́ pé ojú àti ọwọ́ òun ti lọ nìyẹn, kó wá kó òun. Àmọ́ títí di ọjọ́ náà, kó fi òun sílẹ̀. Ọmọ náà gbà. Láti ìgbà náà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, fóònù á dún, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sì máa ń béèrè ni pé kí ni ẹ̀rọ wí.

Ẹ̀rọ kan wà ní club wọn lóòótọ́ tó máa ń wọn bí ọta ṣe ń sáré tó. Nítorí orúnkún Bàbá, mo máa ń bá a lọ síbẹ̀ ní Sátidé, èmi ni mo máa ń gbé báàgì. A óò wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead dé Woolwich, Bàbá á máa bá awakọ̀ jà lójú ọ̀nà torí pé ó ń tẹ bíréèkì jù. Abẹ́ ilé ni wọ́n ti ń yìnbọn, nínú yàrá gígùn tóóró kan tó ń rùn bí èéfín àti aṣọ tí kò gbẹ. Wọ́n fún mi ní ohun tí wọ́n fi ń bo etí, mo dè é lé gèlè mi, mo sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Àpótí kékeré kan tó ní ojú méjì ni ẹ̀rọ náà, ó wà níwájú ibi tí Bàbá dúró, gílóòbù ńlá kan sì ń tàn lókè rẹ̀. Ọta á fò kọjá lórí ojú kìíní, á fò kọjá lórí ojú kejì, àpótí náà á sì sọ bó ṣe yára tó. Mo sọ ọ́ ní Wòlíì, torí ó ń rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Bàbá ní kí n má fi science òun ṣeré. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun náà ti ń bi mí pé kí ni Wòlíì wí.

Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni Wòlíì máa ń pè fún ọta Bàbá. Bí ó bá dínkù, bí ó bá lé, kò ju díẹ̀ lọ. Ọdún púpọ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí gbogbo ojú ewé rẹ̀ jọ ara wọn. Bí ìyára wọn bá dọ́gba, ojú kan náà ni gbogbo wọn máa ń bà lára páálí. Bí kò bá dọ́gba, wọ́n á fọ́n káàkiri.

Sátidé tí Bàbá kọ́kọ́ yin ọta tí mo gbàdúrà sí, àkọ́kọ́ sún mọ́ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ìkejì já sí ẹgbẹ̀ta ó lé díẹ̀. Ìkẹta gòkè díẹ̀, ìkẹrin tún wálẹ̀ jù ú lọ. Bàbá bọ́ ìbòtí rẹ̀.

"Kà á again."

Mo tún un kà.

"Seven yẹn, ṣé seven ni àbí one?"

"Daddy, mo lọ school o."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé bátìrì ẹ̀rọ ló ti fẹ́ kú. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló rán mi lọ ra bátìrì ní Tavy Bridge, tó dára jù, ó ní kí n má ra èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀dínwó. Kò yí nǹkan kan padà. Lẹ́yìn náà ó dá iná lẹ́bi, ó ní iná gílóòbù yẹn ń ṣẹ́jú, kì í jẹ́ kí Wòlíì ríran. Akọ̀wé club náà, obìnrin òyìnbó kan tó ga, tó máa ń fún mi ní tíì tí kò ní ṣúgà, pààrọ̀ gílóòbù fún un. Ó tún sún ẹ̀rọ náà síwájú díẹ̀ kí iná ẹnu ìbọn má baà dà á láàmú. Níkẹyìn, obìnrin náà fi ìbọn tirẹ̀ yin ọta tirẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Mẹ́wàá ló yìn, gbogbo wọn dọ́gba bí ọmọ ìbejì. Wòlíì kò parọ́.

A padà sílé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ilé ara rẹ̀. Ó ní ìwọ̀n kékeré kan tó fi ń dán òṣùwọ̀n wò, ó gbé e lé e, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó yí ojú sí mi. Mò ń gé àlùbọ́sà nígbà náà.

"Ìwọ ni. Orin tó ò ń kọ."

"Orin kẹ̀, Daddy? Ṣé orin náà ní weight ni?"

"Atẹ́gùn ẹnu ẹ ń gbé scale mi. Mo ti ń wò ó. Tó o bá ti dé chorus, á fò sókè."

Mo bínú gan-an. Mo bínú débi pé mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, nínú atẹ́gùn Thamesmead tó lè já ìborí kúrò lórí ẹni, mo kọ orin mi dé òpin níbẹ̀, kí n tó wọlé wá parí ọbẹ̀. Bàbá wọn ẹ̀tù láìsí orin. Ọta ọ̀sẹ̀ náà tún falẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó kan ẹ̀wà. Bàbá ní ooru ẹ̀wà tí mò ń sè ló ń wọ inú ẹ̀tù òun tó ń mú un rin. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sí ohun tó hó nínú ilé ìdáná yẹn. Sàdíìnì àti búrẹ́dì ni Bàbá ń jẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tíì rẹ̀ pàápàá, yàrá ibùsùn ni mo ti ń gbé kẹ́tùlù rẹ̀ kaná. Ọta kò yára sí i. Lẹ́yìn ẹ̀wà, ó kan òtútù. Akọ̀wé sọ fún un pé òtútù máa ń sọ ẹ̀tù mìíràn di ọ̀lẹ, Bàbá bá fi síkáàfù wúlì wé àpótí ọta, ó gbé e sí àyà nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Ìyá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi í bóyá ológbò ni.

Èmi ńkọ́? Èmi ń ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tí mo rí i pé nǹkan ń bàjẹ́ sí i, mo ní àdúrà mi ló kéré. Mo kúrò lórí ìṣáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka. Mo yí àdúrà padà pẹ̀lú, mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kí ojú ti Bàbá, jẹ́ kí ọta yìí ṣe dáadáa." Bí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀ ní Sátidé, òróró á lọ sókè ní Mọ́ńdè. Nígbà tó tún burú sí i, mo gbé ìgò náà lọ sọ́dọ̀ wòlíì wa kó tún gbàdúrà sí i, mo ní àgbàlagbà kan ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń bàjẹ́. Wòlíì ìjọ wa fún mi ní ìgò ńlá. Láti ọjọ́ náà lọ, odindi ẹ̀kán kan ló ń wọ inú idẹ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá kò bá mi jà mọ́ ní àkókò yẹn, èyí ló sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Á jókòó ti òṣùwọ̀n, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á tún un wọ̀. Á na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, á máa wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Lórí fóònù, ó ti dá bátìrì lẹ́bi, ó ti dá iná lẹ́bi, ó ti dá ẹ̀wà lẹ́bi. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó kàn sọ fún un pé yàrá kan ti ṣófo níbẹ̀, ó kọjú sí ọgbà. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń nu tẹlifíṣọ̀n, inú mi sì bàjẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá yin ọta mẹ́ta. Gbàù, gbàù, àwọn méjì àkọ́kọ́ dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣe "fùú" báyìí, bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn iṣẹ́. Wòlíì kò sọ nǹkan kan. Akọ̀wé na ọwọ́ sókè, ó ní kó dúró, kó má yin òmíràn. Òjé náà kò jáde, ó há sínú ìbọn. Bí ó bá yin òmíràn tẹ̀ lé e ni, ìbọn ì bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ọ̀pá àti òòlù onígi tì í jáde, gbogbo èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá. Akọ̀wé náà kò bá a wí rárá. Ó bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ó ní bóyá ó ti tó àkókò tí ẹlòmíràn á máa bá a dì í. Ó gbé tíì wá fún un, ó sì da ṣúgà sí i. Bàbá kò mu ún.

Nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín Woolwich àti Abbey Wood, Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tán.

A délé, kò bọ́ kóòtù. Ó mú ohun kan tó dà bí òòlù, ó ki ọta kan tó ṣẹ́ kù bọ orí rẹ̀, ó gbá a mọ́lẹ̀ títí òjé fi yọ. Ẹ̀tù yẹ kó dà jáde yàà bí gàrí Ìjẹ̀bú. Kò dà. Ó há mọ́ inú idẹ, Bàbá fi abẹ́rẹ́ ha á jáde, ó dì pọ̀ bí ṣìgìdì, ó sì bọ́ sórí páálí bí gàrí tí wọ́n ta epo sí.

"Omi," ló wí. Ó rọra jókòó. "Omi ló wọ̀ ọ́. Mi ò dé agolo yẹn dáadáa, mo sì wò ó, mi ò rí i. Eyes yìí ti lọ. Ọmọ yẹn right."

Mo súnmọ́ tábìlì. Imú tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́. Òórùn tó jáde nínú ẹ̀tù yẹn kì í ṣe òórùn omi. Òórùn ilé àdúrà wa ni, òórùn ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo wa bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ tí a ti mú, bátìrì, gílóòbù, orin, ẹ̀wà tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀, kò sí èyí tó ṣe nǹkan kan nínú wọn.

N kò ní purọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Tí ọ́fíìsì bá gbọ́ pé mò ń ta òróró sí ọta ìbọn, wọ́n á lé mi kí ilẹ̀ tó ṣú, n kò sì mọ ohun tí wọ́n máa kọ sínú ìwé. Mo ní tí mo bá dákẹ́, tí mi ò ta òróró mọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dára fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù dún. Aago mẹ́fà ti lù. Bàbá fi ọwọ́ ti tábìlì kó lè dìde.

"Jẹ́ kí n sọ fún un kó máa bọ̀," ó ní.

"Daddy, ẹ má gbé e."

"Kí ló dé?"

"Òróró ni."

Ó wò mí. Fóònù ń dún. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ ilé ìdáná, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, ìṣáná, ìka, ìgò ńlá. Mo ń sunkún, mo sì ń bínú sí ara mi pé mò ń sunkún. Fóònù náà dún títí ó fi sú u, ó dákẹ́.

"Inú idẹ mi," Bàbá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

"Òróró."

"Mo kàn ń gbàdúrà fún yín ni."

Mo retí kó lé mi jáde. Ojú rẹ̀ le, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ohun tó béèrè ni, "Ẹ̀kán mélòó?"

"Ẹ̀kán kan péré lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́lẹ̀, ìka ni. Kó tó di ìyẹn, ìṣáná."

Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yọ, ó ṣí i, ó sì ń fi ìka tẹ̀ lé àwọn nọ́ńbà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìṣáná. Ìka. Ẹ̀kán. Gbogbo ẹ̀ bá ara mu. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

"Kí lo sọ nínú àdúrà yẹn? Àkọ́kọ́."

"Mo ní kó má pa ẹnikẹ́ni. Mo ní kó máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

"Ó gbọ́ ẹ," Bàbá ní.

Kò rẹ́rìn-ín o, ẹ má rò pé ó rẹ́rìn-ín. Ó bú mi fún ìdajì wákàtí, ó lo àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí bàbá mi àgbà ti kú. Ó ní ìbọn ì bá ti gba ìka òun lọ, òótọ́ ló sì sọ. Fóònù tún dún láàárín rẹ̀, ó gbé e, ó ní, "Experiment ń lọ lọ́wọ́. Pè mí next Saturday," ó gbé e sílẹ̀, ó sì ń bá èébú rẹ̀ lọ láti ibi tó dé. Nígbà tó tán, ó ní kí n gbé ìgò náà wá. Ó gbé e sí imú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ta díẹ̀ sínú idẹ kan, ó bu ẹ̀tù sí i, ó bu òmíràn sínú idẹ tó gbẹ, ó to àwọn méjèèjì sórí fèrèsé. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kan dà yàà, èkejì ti di ṣìgìdì. Ó fi ṣìgìdì náà hàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Gbogbo ọta tó ṣẹ́ kù ló tú palẹ̀ pátá, ó da ẹ̀tù wọn nù. Mo fọ àwọn idẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, òun sì dúró tì mí lórí ọ̀pá rẹ̀ bí wọ́dà. Báàgì mi wà ní pálọ̀ ní gbogbo àkókò náà, òun ló pa á láṣẹ. Nígbà tó fẹ́ wọn ẹ̀tù, mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta láìjẹ́ pé ó sọ fún mi. Mo gbàdúrà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà gbígbẹ ni.

Ní Sátidé, Bàbá dúró síwájú Wòlíì. Akọ̀wé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Gbàù, àkọ́kọ́ dún, mo wo nọ́ńbà rẹ̀. Mo wo ìkejì. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ títí dé ìkẹwàá.

"Kí ni Wòlíì wí?" Bàbá béèrè, kò bojú wẹ̀yìn.

Mo kà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn wà lẹ́bàá ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn bí ọmọ iléèwé. Ó ní kí n tún wọn kà. Mo tún wọn kà. Nígbà tí wọ́n fa páálí náà wá, kò sí ihò mẹ́wàá lára rẹ̀, ihò kan ṣoṣo tó fẹ̀ ló wà láàárín. Akọ̀wé gbé tíì wá, kò da ṣúgà sí i. Bàbá mu ún tán. Nínú bọ́ọ̀sì, ó bá awakọ̀ jà láti Woolwich títí dé Thamesmead, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́fà, fóònù dún. Mò ń fọ abọ́. Ẹ̀wà ń hó lórí iná. Mo dá omi dúró kí n lè gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá ní. "Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Sọ fún wọn kí wọ́n fi yàrá yẹn fún ẹlòmíì." Ó gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rárá o, kò sí nǹkan tó ṣe ojú mi. Wọ́n kàn ń gbàdúrà fún mi ni."